Owó Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ń San

Gbogbo ọdún tí mo fi ń yẹ ìwé owó wò káàkiri Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ohun kan wà tí àwọn akọ̀wé fi máa ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Bí mo bá ti jókòó tán, tí wọ́n gbé ìwé orúkọ àwọn tó ń dáwó síwájú mi, màá fi ìka lé orúkọ kan, màá bi wọ́n pé, ẹni yìí, ṣé ó wà láàyè? Wọn á máa wo ara wọn lójú. Wọ́n ní obìnrin náà ti le jù, wọ́n ní owó ni wọ́n ní kó wá yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ̀mí èèyàn. Ohun tójú mi rí nílé bàbá mi kì í ṣe ohun tí mo lè máa rò fún akọ̀wé tó ń wá bí yóò ṣe tètè lọ sílé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, owó kòkó sì dára díẹ̀. Tíṣà kékeré ni mí ní ilé ìwé ìjọ kan ní Ìkẹ́rẹ́, irú èyí tí kò tíì lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà rárá, tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé ní ABD. Tíṣà àgbà kan wá láti ìlú Kota, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa ìwé owó, kó máa wá nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Márùn-ún ni wá, èmi nìkan lobìnrin. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bi mí pé kí lobìnrin fẹ́ fi ìwé owó ṣe. Mo ní màá fi mọ iye tí ìyàwó rẹ̀ ń ná kó tó bọ́ ọ yó. Kò tún bi mí mọ́.

Ìlà méjì ni tíṣà náà máa ń fà sójú pátákó: ohun tó wọlé lọ́wọ́ òsì, ohun tó jáde lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó máa ń fi iṣu àti kòkó ṣe àpẹẹrẹ, torí ó mọ̀ pé ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ìṣirò kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Lọ́jọ́ kan ó gbé ẹfun sílẹ̀, ó ní kì í ṣe torí oníṣòwò nìkan la ṣe ń kọ ìwé owó. Ó ní ìlú tó ń san owó orí, tó ń dá owó ìdàgbàsókè, ìlú náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè. Ẹni tí owó ìlú bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dìde lójú gbogbo èèyàn, kó ní èyí ló wọlé, ọwọ́ lágbájá ló ti wá. Èyí ló jáde, ohun tí a fi ṣe nìyí. Lágbájá yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn gidi, ohun tí a fi owó ṣe náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tójú lè rí.

Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lọ́dọ̀ wa nígbà náà, bí o bá bi àgbà léèrè owó, o ti pè é lólè nìyẹn. Orí mi wú. Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ owó ata ìyá mi wò. Mo bi í pé mélòó ló ná, mélòó ló kù, níbo ni tọ́rọ́ kan wọlé sí. Ìyá mi kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní, ọ̀gá ọ́dítọ̀, wá jẹun kó tó tutù. Ẹ̀rín ìyá mi ṣọ̀wọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbàgbé rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n ni mo fẹ́ sọ. Àwa méjì ni ìyá mi bí tó yè, bàbá mi kò sì fẹ́ ìyàwó mìíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni àkọ́bí. Òun ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ kí n tó dé ilé ìwé rárá. Á di ọwọ́ mi mú lórí síléètì, á máa fà á lọ, á máa fà á bọ̀, títí ìkọ̀wé mi fi jọ tiẹ̀ débi pé tíṣà nà mí lọ́jọ́ kan, ó ní èmi kọ́ ni mo ṣe iṣẹ́ tóun fún mi ṣe nílé. Nígbà tó dàgbà, ó bá àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì tó ń lọ sí Gòólù Kóòsì nígbà náà lọ. Kúmásì ló dúró sí. Ó ń kọ lẹ́tà, ó ń fowó ránṣẹ́, ó ní tóun bá dé òun á kọ́ ilé onípáànù fún bàbá wa.

Lẹ́yìn náà lẹ́tà dáwọ́ dúró. Ọkùnrin ará Èmùré kan tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ló wá sílé wa, ó jókòó, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó sì sọ fún wa pé ibà ni, pé kò pẹ́ lórí rẹ̀ rárá, pé wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí èèyàn bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n máa ń gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, ìyẹn ni wọn yóò mú wá tí a ó sin sí ilé bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn nígbà tó ṣẹlẹ̀, pé wọ́n ti bo ilẹ̀ kóun tó dé. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó ní kí wọ́n fún àlejò lóúnjẹ.

Ìyá mi ti káwọ́ lérí, ó ti la ẹnu. Bàbá mi ní kó pa á dé. Ó ní kò sí irun, kò sí èékánná, ta ló kú? Ó ní kò sẹ́ni tó kú nínú ulé òun, àti pé ẹni tó bá sunkún níbẹ̀ ló ń wá ikú fún ọmọ òun. Ìyá mi sì pa ẹnu dé. Odidi ọdún mẹ́rin ló fi pa á dé. A kò ṣe ìsìn, a kò wọ dúdú, a kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá kí wa. Mo máa ń bá a nídìí ààrò tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí mo bá sún mọ́ ọn, á ní èéfín ni. Ó ń dùn mí wọra, inú sì ń bí mi sí bàbá mi, mi ò kàn lè sọ ọ́ ni.

Láàárín àkókò náà, ẹgbẹ́ ìlú wa ń dá owó láti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, nítorí àwọn aboyún wa ń kú sójú ọ̀nà Adó. Gbogbo ọkùnrin tó ti dàgbà ló ń san tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ tó bá wà lẹ́yìn odi, bàbá rẹ̀ ló máa ń san án fún un, kí àyè rẹ̀ nílé má bàa dí. Wọ́n á pe orúkọ ọmọ náà nípàdé, bàbá á dáhùn pé, ó wà, á sì gbé owó kalẹ̀. Bàbá mi ti ń san ti ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tó ti lọ. Lẹ́yìn tí ará Èmùré yẹn ti wá, ó ṣì ń san án. Bó bá ti ta kòkó àkọ́kọ́ lọ́dún, owó ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń yọ sọ́tọ̀ kó tó ra iyọ̀ sílé. Wọ́n á pe orúkọ, á ní, ó wà. Àwọn tó jókòó á máa wo ilẹ̀. Kò sí àgbà tí kò mọ̀ nínú wọn, kò sì sẹ́ni tó lẹ́nu láti sọ ọ́. Kí lèèyàn fẹ́ wí?

Ìjọba wá ní àwọn á fi owó kún owó ilé ìgbẹ̀bí náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ná. Tíṣà wa ni wọ́n mú, torí ará Kota ni, kò ní ìbátan, kò ní àna láàárín wa. Ó yẹ owó wò, owó pé. Kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Ó wá kan orúkọ. Ó ní àwọn tó wà lẹ́yìn odi, kí olúkúlùkù fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà wá kí ìpàdé tó ṣáájú Kérésìmesì tó dé, pé òun mọ̀ pé òun ń dáwó, òun sì fara mọ́ ohun tí a fẹ́ fi í ṣe. Ní kíláàsì ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa. Ó ní bí a bá fi orúkọ ẹni tí kò sí kó owó wọlé lónìí, lọ́la ẹlòmíràn á fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kó owó jáde.

Òótọ́ ló sọ. Lọ́jọ́ tí mo bá ń kú lọ, màá ṣì sọ pé òótọ́ ló sọ. Mo ti rí àwọn òkú tó ń gba owó oṣù nínú ìwé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí àwọn alààyè sì ń fi owó náà ra kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n tíṣà náà kò mọ nǹkan kan nípa ilé wa. Èmi tí mo mọ̀ ni mo jókòó síwájú rẹ̀ tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí sẹ́yìn ilé níbi tí a ń sá kòkó sí. Ó ti ra bébà kan àti àpò lẹ́tà. Ó na bébà náà sí mi, ó ní àkókò ti ń lọ, àwọn bàbá yòókù ti ń gba lẹ́tà tiwọn. Ó ní èmi mọ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń kọ̀wé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n lọ ponmi wá.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kọ ọ́.”

“Kí ló dé?”

“Gbogbo ìlú ni màá parọ́ fún.”

Ó wò mí títí. “Irọ́ wo? Ṣé kì í ṣe owó gidi ni mò ń san?”

Owó gidi ni lóòótọ́. Òógùn ojú rẹ̀ ni. Mo kàn ń mi orí ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí mo bá kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi sísàlẹ̀ bébà yẹn, yóò máa san owó títí bàbá mi yóò fi kú, ìyá mi yóò sì máa fi èéfín bojú títí òun náà yóò fi kú. Bàbá mi gba bébà rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó bi mí bóyá tíṣà yẹn ló bí mi, ó sì gbé àdá rẹ̀ lọ sóko. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọjọ́ ìpàdé.

Ìyá mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ọlọ. Nígbà tó bu ọbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹja tó tóbi jù, èyí tí kì í ṣe ti ọmọ rárá, inú àwo mi ló fi sí. Mo wò ó, kò wò mí. Mi ò lè jẹ ẹja náà.

Mi ò lọ sí kíláàsì fún bíi ọ̀sẹ̀ kan. Tíṣà pàdé mi lọ́nà, ó bi mí ohun tó ṣe mí. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ ọ́, yóò fa igi lé orúkọ náà láìpariwo, wọn kò sì ní pè é nípàdé rárá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu ni mo ronú pé ẹnu mi yìí ló máa kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kú, fún àjèjì, lójú ọ̀nà, lẹ́yìn bàbá mi. Mo ní inú ló ń run mí.

Inú ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé náà. Àwọn ọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwa obìnrin dúró lẹ́bàá fèrèsé. Tíṣà ń pe orúkọ àwọn tó wà lẹ́yìn odi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan mú lẹ́tà wá láti Kánò. Òmíràn ní ọmọ òun kò kọ nǹkan kan ju pé kí wọ́n fi gààrí ránṣẹ́ sóun, gbogbo ilé sì rẹ́rìn-ín. Ó wá pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Bàbá mi dìde. Mo rò pé yóò ní, ó wà, bó ṣe máa ń wí. Ó ṣí fìlà.

“Ọmọ mi ti kú,” ó wí. “Kúmásì ló kú sí.”

Tíṣà dìde lórí àga. Ó ní, “Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò mọ̀.” Bàbá mi ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Tíṣà wá rọra bèèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n san lórúkọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó wà láàyè, ó dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kò ronú. Ojú ẹsẹ̀ ló dá a lóhùn: ó sọ ọdún, ó sọ oṣù, ó ní ọjọ́ ìsinmi ni. Gbogbo ìgbà tó fi ń sọ fún wa pé kò sẹ́ni tó kú, ó ti di ọjọ́ náà mọ́ inú. Ibẹ̀ ni inú tó ń bí mi sí i ti tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mi ò lè wò ó.

Alága ẹgbẹ́, bàbá arúgbó kan tó ní sùúrù, ní kí wọ́n kọ owó ọdún mẹ́rin náà sí orúkọ bàbá mi gẹ́gẹ́ bí ọrẹ. Bàbá mi kọ̀. Ó ní òun kò fún ìlú lọ́rẹ, owó ọmọ òun lòun san. Tíṣà ní a jẹ́ pé ẹgbẹ́ kò lè gbà á nìyẹn, torí kò sẹ́ni tó san án. Kí wọ́n dá a padà fún ẹbí olóògbé. Ojú ìwé ló fi wò ó, ó sì tọ́ lójú ìwé. Alága rò pé oore ni àwọn ń ṣe. Ó ka owó náà sínú àwo, ó dìde fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá síwájú bàbá mi, ó ní kó gba owó ọmọ rẹ̀.

Bàbá mi fà sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná. Gbogbo àgbà ilé náà ní háà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ àṣà wa, bàbá kò gbọdọ̀ jẹ ogún ọmọ tó bí nílẹ̀ wa, ìyá pẹ̀lú. Ohun tí òkú bá fi sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló ń gbà á, àwọn tó jù ú lọ kì í fọwọ́ kàn án. Alága mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ọ̀rọ̀ ìwé ló gbà á lọ́kàn tó fi gbàgbé. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Owó náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ mọ́, kò sì lè di ti bàbá mi. Tíṣà ń wo ìwé rẹ̀, kò rí ìlà tó lè kọ ọ́ sí.

Àgbà kan bèèrè láti ẹ̀yìn pé, ta ló tẹ̀lé olóògbé? Gbogbo orí yí sí ẹ̀bá fèrèsé. Èmi ni. Kò sẹ́lòmíràn. Ó wù mí kí n sá jáde. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fẹ́ kí ẹnìkan sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kú, kí ìyá mi lè sunkún. Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọn yóò kó ogún rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí bàbá mi bá mi sọ láti ọjọ́ bébà yẹn ló sọ nígbà náà.

“Gbà á,” ó wí. “Ìwọ ló kàn.”

Mo rìn lọ síwájú, mo kúnlẹ̀, mo tú gèlè mi, mo tẹ́ ẹ. Alága da owó náà sínú rẹ̀. Tíṣà yí ìwé sọ́dọ̀ mi kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà á, mo sì fọwọ́ sí i. Ìgbà náà ni ìyá mi ké. Àwọn obìnrin sáré yí i ká, wọ́n gbé e jókòó sílẹ̀, wọ́n ń bá a sunkún. Bàbá mi kò ní kó pa ẹnu dé. Ó padà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi fìlà bojú.

Owó náà ni mo fi san owó ìdánwò ìwé owó lọ́dún tó tẹ̀lé e. Mo yege. Ìwé ẹgbẹ́ mọ́, ìjọba fi owó tiwọn kún un bí wọ́n ṣe ṣèlérí, wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ̀bí náà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti ń bímọ báyìí. Ó yẹ kí n máa yọ̀ bí mo bá ń gba iwájú rẹ̀ kọjá, àbí? Mi ò rí i ṣe.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ẹ̀gbọ́n mi ni gbogbo àdúgbò ti ń fi orúkọ rẹ̀ pe ìyá mi. Ìyá Lágbájá ṣáá ni, bí wọ́n bá kí i, bí wọ́n bá ń wá a, kódà jálẹ̀ ọdún mẹ́rin yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ìpàdé, obìnrin tó múlé tì wá wá bu iná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rò ó. Kò fẹ́ fi orúkọ òkú pe ìyá rẹ̀ mọ́. Ó fi tèmi pè é. Mo ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. Ìyá mi ń fẹ́ iná lọ́wọ́, ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ó ní, “Oo.”